Omi Onídùúró ní Òkè-Ìtayè

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé girama wá bá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní òun gbọ́ pé wọ́n tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mímú àlejò káàkiri orí òkè ní agbègbè wa, pé òun fẹ́ wọ̀ ọ́, ṣé mi ò ní ọ̀rọ̀ ìyànjú kan fún òun? Mo wò ó títí, mo ní kó jókòó. Ohun tí mo sọ fún un ni mo ń sọ fún gbogbo ẹ̀yin ọ̀dọ́ báyìí. Kò ní dùn létí o. Àgbà tó bá ń da oyin lé ìtàn iṣẹ́ tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ṣe, irọ́ ló ń pa.

Iṣẹ́ amọ̀nà ni mo ṣe jẹun. Bí mo ṣe rí i kò gùn ní ìtàn. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni mí ní Ọ̀sì, oko bàbá mi kò tó àwa ọmọ pín, ọ́fíìsì kan tí mi ò ní dárúkọ ń wá ẹni tí yóò máa bá àlejò ru ẹrù gun òkè. Mo lọ, wọ́n gbà mí. Owó iṣẹ́ ńkọ́? Ó ń ra ọṣẹ, ó ń ra iyọ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Láyé ìgbà náà, nígbà tí ìjọba ń ná owó epo rọ̀bì bí ẹni ń na ọmọ orogún, àwọn olùkọ́, àwọn àgùnbánirọ̀ àti àwọn òyìnbó ìjọ máa ń wá láti Ìlọrin, nígbà mìíràn láti Èkó, kí wọ́n lè wo àwọn abúlé tó wà lórí òkè ní apá Ìlọ́fà. A ó gbéra ní Ọ̀sì kí oòrùn tó mú. Mọ́tò á gbé wa dé ìdí òkè, ẹsẹ̀ la ó fi rin ìyókù. Ìdí-Osè la ó kọ́kọ́ dé, Orí-Àpáta ló tẹ̀lé e, Òkè-Ìtayè tó ga jù ló kẹ́yìn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, a ti padà sídìí mọ́tò. Àlejò á ya fọ́tò, á jẹ iṣu sísun, á ní "ẹ mà ṣeun o." Lójú tirẹ̀, ó parí nìyẹn. Àwọn àgbà ṣáà ní àlejò lójú, kò fi ríran.

Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ni Bàbá Ọdẹ́yẹmí, ọmọ bíbí Òkè-Ìtayè, ọdẹ tó ti gbé ìbọn kọ́ àjà kó tó di amọ̀nà. Ha! Ẹ ò rí ọ̀gá rí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo wọ bàtà aláwọ tuntun tí mo fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó wo ẹsẹ̀ mi, ó wo ojú mi.

"Òjó, ṣé ìyàwó lò ń lọ gbé ni?"

Mo ní, "Rárá o, Bàbá."

"Bọ́ ọ. Àpáta kò mọ ọmọ olówó."

Ó fi bàtà náà kọ́ ẹ̀ka igi, ó sọ bàtà táyà sí mi. Bàtà mi wà lórí igi náà títí òjò fi bà á jẹ́, nítorí ó ní mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án títí mo fi máa mọ ọ̀nà rìn. Ẹ̀yìn mi ló máa ń wà pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Bí mo bá yára ju ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo jù nínú àlejò, ọ̀pá á ti kàn mí ní gìgísẹ̀, gbàù! Amọ̀nà tó bá ń sáré, àwọn wo ló ń mọ̀nà fún? Bí mo bá na ìka sí ilé ẹnìkan pé kí àlejò wò ó, ó di gbàù. Ilé onílé kì í ṣe àtẹ ọjà. Bí àlejò bá bi mí pé ìgbà wo ni wọ́n ti ṣe nǹkan kan, pé ṣé ó ti pẹ́, ó ní kí n sọ pé onílé ló mọ̀. Fún ìgbà pípẹ́, omi ni mo ń rù, mi ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ tí mo fi ìgbéraga bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé òkè fún àwọn olùkọ́ kan, ó dá mi dúró lójú gbogbo wọn.

Ó ní, "Ẹnu rẹ ti gun òkè tán. Ẹsẹ̀ rẹ ńkọ́?"

Àwọn olùkọ́ náà rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú wọn. Mo bínú, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ padà sílé lọ́jọ́ yẹn. Ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ kò bá tíì dójú tì rí, kò tíì mọ iṣẹ́. Ìyẹn nìkan ni mo lè sọ pé ó dùn nínú ìtàn yìí, nítorí náà ẹ fi pamọ́ dáadáa.

Ó wá ku ẹ̀kọ́ tó ga jù. Òkè-Ìtayè ní ẹnubodè kan, àpáta méjì tó kọjú síra wọn, tí ènìyàn kan ṣoṣo lè gbà kọjá lẹ́ẹ̀kan. Àlejò kì í kọjá níbẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n gba omi. Amọ̀nà á pe ará ilé láti ìta, obìnrin àgbà kan á gbé igbá omi wá láti orísun, amọ̀nà á gbà á, á mu ún níwájú àwọn àlejò. Omi onídùúró ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá mu ún ti dúró fún gbogbo ẹni tó tẹ̀lé e wọlé. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ṣe aburú, tí ó jalè, tí ó ba ọmọ ọlọ́mọ jẹ́, ẹni tó mu omi ló máa bọ́ sóde, kò sì ní gba ẹnubodè náà wọlé mọ́ títí ohun tó bàjẹ́ yóò fi ní àtúnṣe. Kò sí pé ọmọ ta ni. Kò sí ẹ̀bẹ̀.

Bàbá Ọdẹ́yẹmí wá ní òfin tirẹ̀ lórí èyí. Ó ní, "Òjó, ní Ìdí-Osè tí wọ́n bá ti fún wọn níṣu, máa wo ẹnu wọn. Ẹni tí kò bá jẹun onílé, tí kò bá jókòó, ohun mìíràn ló ń wá. Má mu omi fún un. Ọba ìbáà wà lẹ́yìn rẹ, má mu ún." Kò sí ọ̀sẹ̀ tí kò tún un sọ. Ó sú mi.

Nígbà tí orúnkún rẹ̀ kò gbé òkè mọ́, ó fa ọ̀pá rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, ó gòkè lọ sílé rẹ̀ ní Òkè-Ìtayè láti sinmi. Ibojì ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀, lẹ́bàá ògiri ilé. Ó ti fi ẹsẹ̀ fa ìlà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ní ibẹ̀ ni tòun. Ìgbàkigbà tí mo bá mú àlejò wá, á ti jókòó sídìí ẹnubodè tó ń wo ẹsẹ̀ mi bóyá mo sáré.

Irinṣẹ́ wa wá bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Agbè tí a fi ń gbé omi di kẹ́ẹ̀gì oníke tí omi inú rẹ̀ ń rùn tí oòrùn bá pa á. Bàtà táyà di kánfáàsì. Ọ́fíìsì fún mi ní fèrè, wọ́n ní kí n máa fọn ọ́n dípò kí n máa pariwo pe ará ilé. Bàbá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Ajá ni wọ́n ń fi ìyẹn pè." Mi ò fọn ọ́n ní Òkè-Ìtayè mọ́. Wọ́n kun pátákó, wọ́n kan án mọ́ igi osè pé "Ẹ káàbọ̀." Ìrìn tí à ń fi odidi ọjọ́ rìn, wọ́n ní kí n máa gé e kúrú, pé àlejò fẹ́ tètè padà sí òtẹ́ẹ̀lì. Ẹni tó ń mú gbogbo èyí wá ni Ọ̀gbẹ́ni Bánkọ́lé, ọ̀gá tuntun ní ọ́fíìsì wa. Ọmọ àbúrò Bàbá Ọdẹ́yẹmí ni, ọmọ bàbá kan, ìyá kan ni bàbá rẹ̀ àti Bàbá. Ṣùgbọ́n Kàdúná ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Ó mọ orúkọ òkè náà, òkè náà kò mọ̀ ọ́n.

Ẹ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ o.

Ọjọ́ ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì Òkè-Ìtayè ni. Bánkọ́lé fúnra rẹ̀ bá wa lọ lọ́jọ́ náà. Olùkọ́ mélòó kan wà níbẹ̀, ọkùnrin kan tó wọ awò dúdú sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Bánkọ́lé níwájú mọ́tò, ó mú géńdé méjì dání. Ó ní láti Èkó lòun ti wá, òun fẹ́ràn nǹkan ìbílẹ̀. Ní Ìdí-Osè, wọ́n gbé iṣu sísun àti epo pupa síwájú wa. Àwọn olùkọ́ jẹ, wọ́n lá ọwọ́. Aláwò dúdú kò jókòó. Ó ní inú òun kò dáa. Ó wá ń bi onílé léèrè ilẹ̀kùn. Ṣé ilẹ̀kùn oníṣọ̀nà ṣì wà lókè? Ṣé ó wúwo? Àwọn géńdé rẹ̀ náà kò fọwọ́ kan iṣu.

Ilẹ̀kùn ilé Baálẹ̀ Òkè-Ìtayè ló ń bèèrè. Àwọn baba ńlá wọn ló gbẹ́ ẹ: ọdẹ lórí ẹṣin, obìnrin tó kúnlẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Kò ní ìdè irin rárá, inú ihò òkúta ni ìdí rẹ̀ ti ń yí. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, á kàn gbé e sókè, á yọ. Ọwọ́ kan igi náà títí ó fi ń dán. Ìyàwó tuntun kò tíì di ará ilé níbẹ̀ títí yóò fi fọwọ́ kàn án.

A dé ẹnubodè. Mo pe ará ilé. Obìnrin àgbà náà gbé igbá omi wá, ó nà án sí mi. Mo ní, "Ẹ má bínú, Ìyá. Mi ò mu ún lónìí."

Bánkọ́lé ní, "Kí lo wí?"

Mo ní, "Ọ̀gá, mi ò lè dúró fún ẹni tí kò jẹun."

Ó ní, "Òjó! O fẹ́ dójú tì mí níwájú àlejò? Ta ló gbà ọ́ síṣẹ́?"

"Ọ́fíìsì ni, ọ̀gá. Síbẹ̀, mi ò mu ún."

Ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Bàbá Ọdẹ́yẹmí wà níbẹ̀ lórí àpótí rẹ̀. Ọmọ ará Kàdúná yìí, tí kì í tẹ́ríba fún ẹnikẹ́ni, ni ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn. Ó ní, "Bàbá mi, èmi ọmọ yín ni. Ṣé èmi ni wọn yóò lé padà lẹ́nu ọ̀nà ilé bàbá mi, níwájú àlejò?"

Mo rí ojú Bàbá. Mo mọ̀ pé ó ti tán. Ó ti ń dúró kí ọmọ yẹn pe òun ní bàbá láti ọjọ́ tí àbúrò rẹ̀ ti kú.

Mo pariwo, "Bàbá, ẹ má mu ún! Wọn ò jẹun! Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi!"

Ó ní, "Òjó, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀, ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn." Ó gba igbá náà, ó mu ún tán pátápátá.

Amọ̀nà tó bá kọ omi kò gbọdọ̀ wọlé. Mo jókòó síta, mo gbé ẹrù sílẹ̀. Mo ń gbọ́ orin ìkórè láti ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo ìlú ló wà níbẹ̀. Bánkọ́lé kó àwọn olùkọ́ lọ wo orísun omi. Aláwò dúdú ní ẹsẹ̀ ń dun òun, òun á dúró lábẹ́ ibòòji igi. Kí ìjọ tó kọ orin ìparí, ó ti lọ pẹ̀lú àwọn géńdé rẹ̀, wọ́n gba ọ̀nà oko tó já sí apá Kòrò, níbi tí mọ́tò mìíràn ti ń dúró dè wọ́n. Àgbẹ̀ kan rí wọn tí wọ́n ru nǹkan gbàgìdì tí wọ́n fi ẹní wé. Ó rò pé òkú ni, ó tiẹ̀ ṣí fìlà fún wọn.

Ìyàwó Baálẹ̀ ló kọ́kọ́ ké. Ó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó bá ẹnu ilé ní gbayawu.

Mi ò ní ṣàpèjúwe ẹkún ọjọ́ náà. Bánkọ́lé ní òun á lọ fi tó ọlọ́pàá létí, ó sọ̀ kalẹ̀ kánkán pẹ̀lú àwọn olùkọ́, kò wẹ̀yìn. Àwọn àgbà péjọ. Kí Baálẹ̀ tó la ẹnu, Bàbá Ọdẹ́yẹmí ti dìde. Ó ní, "Mo mu ún. Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu." Ó wọlé, ó mú ẹní, ó mú àdá. Ó yà sídìí ibojì ìyàwó rẹ̀, ó fọwọ́ kàn án. Ó wá gba àárín àpáta méjèèjì jáde wá bá mi níbi tí mo jókòó sí.

Ó ní, "Ó yá, Òjó. Má sáré o. Ẹsẹ̀ ń dùn mí."

Bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Ní gbogbo ọ̀nà sísọ̀ yẹn, ẹ̀yìn ló ń wò.

Ilé mi ní Ọ̀sì ló ń gbé. Láràárọ̀, á gbé àpótí lọ sí ẹ̀yìnkùlé níbi tí a ti ń rí òkè. Àwọn ènìyàn á ní, "Bàbá, omi ló dànù, agbè ò fọ́." Á ní, "Agbè gan-an ló fọ́." Kò bú Bánkọ́lé rí. Èmi ni mo ń bú u, mo sì ń bú u títí di òní.

Mo lọ bá a ní ọ́fíìsì. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ mọ ọkùnrin yẹn. Mọ́tò yín ló bá wá. Ẹ bá wa wá a, kí ilẹ̀kùn padà, kí Bàbá yín lè lọ sílé kú." Ó ń wo ojú fèrèsé. Ó ní, "Òjó, igi lásán ni. Kí wọ́n gbẹ́ òmíràn." Mo ní, "Bàbá ńkọ́?" Ó ní, "Ta ló ní kó mu omi?"

Ẹ gbọ́ mi kẹ́ẹ̀. Ta ló ní kó mu omi! Ọmọ tó dọ̀bálẹ̀ tòun ti kóòtù. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani.

Bàbá kú nígbà ọyẹ́. Ọ̀rọ̀ tó sọ gbẹ̀yìn ni pé kí n lọ wò ó bóyá ìlà tí òun fà lẹ́bàá ìyàwó òun ṣì wà. Mo gun òkè, mo dúró síta ẹnubodè, mo fi ẹ̀bẹ̀ ránṣẹ́ sí Baálẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ ká gbé òkú náà wọlé. Baálẹ̀ jáde wá fúnra rẹ̀. Omi wà lójú rẹ̀, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ó ní, "Òjó, ọ̀rẹ́ mi ni. Àjọṣe ọdẹ ni wá. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣí i fún un, a ti pa omi nìyẹn. Kí ilẹ̀kùn kọ́kọ́ wọlé." Ẹ̀yìn ilé mi la sin ín sí. Mo kọ orí rẹ̀ sí apá òkè.

Mo ń bá iṣẹ́ lọ. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo ní ọmọ. Àmọ́ láti ọjọ́ náà, Orí-Àpáta ni mo ń dé, mo ń padà.

Ohun tó wá dùn mí jù ni èyí. Ìjọba la ọ̀nà títì gba ìsàlẹ̀ òkè, wọ́n ní iná àti omi ẹ̀rọ ń bọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ Òkè-Ìtayè kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, àwọn abilékọ tẹ̀lé wọn, wọ́n tú páànù ṣọ́ọ̀ṣì. Baálẹ̀ ló sọ̀ kẹ́yìn, àwọn ọmọ rẹ̀ gbé e sórí àga. Wọ́n ń pe etí títì náà ní Ìtayè Titun. Ìlú tí kò gba òkú ọmọ rẹ̀ wọlé, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde, kò sí ẹni tó mu omi kan fún wọn. Ewúrẹ́ ló ń sùn ní ilé Baálẹ̀, ó ṣáà ti gbayawu tẹ́lẹ̀.

Ìrìn tí mo rìn kẹ́yìn nìyí. Ẹgbẹ́ ọmọ Ìtayè ní àwọn fẹ́ kí àwọn ọmọ àwọn rí ilé baba ńlá wọn ní ọjọ́ kan, kí wọ́n padà nírọ̀lẹ́. Àwọn gan-an ló wá di àlejò! Wọ́n ní èmi nìkan ló ṣì mọ ọ̀nà. Ẹni tó ṣe olórí wọn ni Bánkọ́lé, ó ti fẹ̀yìn tì, irun rẹ̀ ti funfun. Mo mú wọn lọ, nítorí iṣẹ́ ni iṣẹ́. Èmi àti òun kò bá ara wa sọ̀rọ̀ títí a fi dé ẹnubodè.

Ibẹ̀ ló ti bu omi sí ife oníke láti inú kẹ́ẹ̀gì, ó nà án sí mi.

Ó ní, "Òjó, jọ̀ọ́. Mu ún fún wa, ká lè wọlé."

Mo ní, "Ẹni tó mu ún fún yín kẹ́yìn wà lẹ́yìn ilé mi ní Ọ̀sì. Ilẹ̀kùn náà dà?"

Àwọn ọmọ wọ̀nyẹn kò mọ ohun tí à ń sọ. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń ti ara wọn, wọ́n gba àárín àpáta kọjá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n wọlé. Bánkọ́lé nìkan ni kò wọlé. Ó dúró síta níbi tí mo jókòó sí lọ́jọ́sí, ó di ife náà mú, omi ń dà sí i lára.

Mo gbé ọ̀pá mi. Mi ò fi àlejò sílẹ̀ lórí òkè rí ní gbogbo ọjọ́ ayé iṣẹ́ mi, ṣùgbọ́n mo fi ti ọjọ́ náà sílẹ̀. Mi ò sáré. Nígbà tí mo délé, mi ò bọ́ bàtà, mo gba ẹ̀yìnkùlé lọ bá Bàbá.

Mo ní, "Bàbá, wọ́n tún gbé omi wá. Mi ò mu ún."